Ètò Ìṣiṣẹ́ Fóònù àti Yíyan Ẹ̀yà Linux: Ìbẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ ní Abobo

Ètò ìṣiṣẹ́ fóònù ni àkójọpọ̀ àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí ń darí fóònù alágbèéká láti ìgbà tí a bá ti tàn án títí di ìgbà tí a bá pa á. Òun ni ń pín ìrántí ẹ̀rọ náà fún àwọn áàpù, òun ni ń fún wọn láyè láti lo kámẹ́rà, gbohùngbohùn àti íntánẹ́ẹ̀tì, òun náà ni kì í jẹ́ kí áàpù kan wo àṣírí èkejì. Android, tí ó gbilẹ̀ jù lọ nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ ní Áfíríkà, dúró lórí Linux. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ bí a ti ń ṣe ètò ìṣiṣẹ́ fóònù kò lè ṣe aláìmọ Linux, ìbéèrè tí yóò sì kọ́kọ́ pàdé ni ti ẹ̀yà Linux tí yóò fi sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ìdáhùn ìbéèrè yìí kò dúró lórí òkìkí ẹ̀yà kan tàbí òmíràn. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń pinnu rẹ̀: irú ẹ̀rọ tí ó ní, dátà tí agbára rẹ̀ ká, àti fóònù tí ó lè yọ̀ǹda fún ìdánwò. Àdúgbò Abobo ní ìlú Abidjan jẹ́ ibi tí a ti lè rí èyí kedere.

Abobo àti kọ̀ǹpútà inú kẹ́ẹ̀gì

Abobo jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá tí ó para pọ̀ di ìlú Abidjan, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Àríwá ìlú náà ni ó wà. Ìkànìyàn 2014 àti ti 2021 fi hàn pé iye àwọn tí ń gbé ibẹ̀ ju mílíọ̀nù kan lọ. Yunifásítì Nangui Abrogoua, tí ń jẹ́ Yunifásítì Abobo-Adjamé kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà ní 2012, wà láàárín Abobo àti Adjamé. Àwọn Yorùbá ti ń gbé Abidjan láti ọjọ́ pípẹ́, pàápàá àwọn oníṣòwò tí ó wá láti Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Anàgó ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n.

Ní 2014, Guiako Obin dá BabyLab sílẹ̀ ní Abobo. BabyLab jẹ́ fablab, ìyẹn ilé iṣẹ́ ọwọ́ tí ó ṣí sílẹ̀ fún ará àdúgbò láti wá lo irinṣẹ́ àti kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ara wọn. Lára iṣẹ́ tí a fi mọ̀ ọ́n ni kíkọ́ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní kóòdù, àti sísọ ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tí àwọn ènìyàn ti jù nù di ohun tí ó tún wúlò.

Ṣáájú ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ kan ní Abidjan ti dara pọ̀ mọ́ iṣẹ́ tí ń jẹ́ Jerry, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní nǹkan bí 2011. Nínú iṣẹ́ yìí, a máa ń tú àwọn ògbólógbòó kọ̀ǹpútà, a ó kó èyí tí ó ṣì dára nínú ẹ̀yà ara wọn jọ, a ó sì tò wọ́n sínú kẹ́ẹ̀gì oníke, irú èyí tí a fi ń pọn omi tàbí tí a fi ń ra epo. Orúkọ tí àwọn Òyìnbó ń pe kẹ́ẹ̀gì náà ni a ti yọ Jerry. Linux ni a ń fi sínú rẹ̀, nítorí pé kò gba owó, ó sì lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ kéré. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà tí wọ́n lò ni Emmabuntüs, tí a ṣe ní Faransé fún àwọn ẹgbẹ́ aláàánú Emmaüs tí ń tún ògbólógbòó kọ̀ǹpútà ṣe. Orúkọ Emmaüs àti Ubuntu ni a pa pọ̀ di orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yà kan náà ni a ti lò ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ní àríwá Togo.

Àpẹẹrẹ yìí kọ́ni ní ohun méjì. Èkíní ni pé àìní kọ̀ǹpútà tuntun kò dí ọ̀nà ìbẹ̀rẹ̀. Èkejì ni pé ẹ̀rọ tí ó bá wà nílẹ̀ ni a fi ń yan ẹ̀yà Linux. A kì í kọ́kọ́ yan ẹ̀yà kí a tó máa wá ẹ̀rọ kiri fún un.

Kókó, ẹ̀yà àti ètò fóònù

Linus Torvalds, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní Finland nígbà náà, ni ó gbé Linux jáde ní 1991. Bí a bá sọ ọ́ bí ó ti yẹ, Linux jẹ́ kókó: apá tí ó wà ní inú lọ́hùn-ún tí ó ń bá ẹ̀rọ gan-an lò. Kókó nìkan kò wúlò fún ẹni tí ó fẹ́ kọ lẹ́tà tàbí kí ó ka ìròyìn. A ní láti fi àwọn irinṣẹ́ mìíràn kún un, èyí tí púpọ̀ nínú wọn ti inú iṣẹ́ GNU wá, iṣẹ́ tí Richard Stallman kéde ní 1983. Kókó, irinṣẹ́, ojú tí aṣàmúlò ń rí, àti ọ̀nà tí a fi ń gba ètò tuntun wọlé ni wọ́n para pọ̀ di ẹ̀yà Linux kan. Kókó kan náà ni Debian, Ubuntu, Fedora àti Alpine ń lò. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ohun tí wọ́n fi yí i ká àti bí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀.

Android náà ń lo kókó Linux, ṣùgbọ́n ohun tí ó fi yí i ká yàtọ̀ pátápátá sí ti àwọn ẹ̀yà tí a dárúkọ. A dá ilé iṣẹ́ Android sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2003, Google rà á ní 2005, wọ́n kéde ètò náà ní 2007, fóònù àkọ́kọ́ tí ó gbé e sì dé ọjà ní 2008. Apá tí ó ṣí sílẹ̀ nínú Android, tí ẹnikẹ́ni lè gbà wò, ni a ń pè ní AOSP. iOS ti Apple kò sí nínú ìdílé yìí. Kókó rẹ̀ kì í ṣe Linux, ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ Apple kò sì lè tún un kọ kí ó fi sórí fóònù.

Ìwé àṣẹ tí a fi gbé kóòdù jáde ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kókó Linux wà lábẹ́ ìwé àṣẹ GPL ẹlẹ́ẹ̀kejì: ilé iṣẹ́ tí ó bá ta fóònù tí kókó náà wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fún ẹni tí ó rà á ní àǹfààní láti gba kóòdù kókó náà, pẹ̀lú àtúnṣe tí ilé iṣẹ́ ọ̀hún ṣe sí i. Púpọ̀ nínú ìyókù Android wà lábẹ́ ìwé àṣẹ Apache 2.0, tí kò béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn ètò kékeré tí ń darí kámẹ́rà, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ àti ojú fóònù sì sábà máa ń jẹ́ àṣírí ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ. Ìdí nìyí tí kò fi rọrùn láti gbé ètò tuntun wọ inú fóònù tí ẹni tí ó ṣe é ti pa tì.

Ìtàn KaiOS fi àǹfààní kóòdù tí ó ṣí sílẹ̀ hàn. Mozilla ṣe Firefox OS, tí òun náà dúró lórí kókó Linux. Ní 2015, ilé iṣẹ́ Orange ta fóònù Klif tí ó gbé ètò yìí ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan. Kò pẹ́ tí Mozilla fi jáwọ́ nínú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n nítorí pé kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀, àwọn mìíràn gbà á, wọ́n sì sọ ọ́ di KaiOS fún fóònù kékeré oníbọ́tìnnì. Ní 2019, Orange tún mú fóònù Sanza wọ ọjà Áfíríkà pẹ̀lú KaiOS nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí ó dá ètò náà sílẹ̀ ti kúrò níbẹ̀, kóòdù rẹ̀ sì ń bá ayé lọ.

Ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè

Ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ máa ń rò pé ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ ni kí àwọn gba gbogbo kóòdù Android, kí àwọn sì kọ́ ọ di odidi. Ìlànà tí Google fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ fi hàn bí ẹrù náà ti wúwo tó: ó kéré tán, ààyè ìfipamọ́ 400 GB, tí 250 nínú rẹ̀ jẹ́ ti kóòdù tí 150 sì jẹ́ ti kíkọ́ ọ, pẹ̀lú ìrántí RAM 64 GB. Google sọ pé ẹ̀rọ tí ọpọlọ rẹ̀ pín sí mẹ́fà, tí ó sì ní ìrántí tí a sọ yìí, yóò lò tó wákàtí mẹ́fà kí ó tó kọ́ ọ tán. Ògbólógbòó kọ̀ǹpútà tí ìrántí rẹ̀ jẹ́ 4 GB kò lè ṣe é.

Dátà ni ẹrù kejì. Bí ẹnìkan bá fẹ́ gba 100 GB lórí ìlà tí ń gbé mẹ́gábíìtì 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò gba ju wákàtí 22 lọ, bí ìlà náà kò bá já rárá. Ẹni tí ń ra dátà díẹ̀díẹ̀ sórí síìmù kò lè gbèrò irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kóòdù kókó Linux nìkan, bí a bá fún un pọ̀, kò tó 200 MB, ògbólógbòó kọ̀ǹpútà sì lè kọ́ ọ bí a bá ní sùúrù. Láti inú kókó ni ó yẹ kí ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ńlá ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó máa bọ̀ wá sí òde.

Yíyan ẹ̀yà Linux fún kọ̀ǹpútà

Ohun mẹ́rin ni a ń wò: ìrántí ẹ̀rọ, irú ọpọlọ rẹ̀, iye dátà tí àtúnṣe yóò máa gbà, àti bí ìrànlọ́wọ́ ti pọ̀ tó ní èdè tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́. Ní Abidjan, èdè Faransé ni púpọ̀ nínú ìrànlọ́wọ́ náà yóò jẹ́.

Ubuntu jáde ní 2004 lábẹ́ ìdarí Mark Shuttleworth, ọmọ ilẹ̀ South Africa. Inú àwọn èdè Nguni ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ní ọdún méjì-méjì ni ẹ̀dà alẹ́mìí-gígùn rẹ̀ ń jáde, tí a ń fi ọdún márùn-ún tọ́jú láìgba owó. Ìlànà Google fún kíkọ́ Android dárúkọ Ubuntu, nítorí náà òun ni ó bá ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ lágbára mu. Ojú rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ máa ń wúwo fún ẹ̀rọ tí ìrántí rẹ̀ kò tó 4 GB. Xubuntu àti Lubuntu jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ tí ojú wọn fúyẹ́. Linux Mint, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2006, náà ní ẹ̀dà Xfce tí ó fúyẹ́.

Debian ni ìyá Ubuntu. Ian Murdock ni ó dá a sílẹ̀ ní 1993. Kì í yára yí padà, èyí sì dára fún ẹni tí dátà rẹ̀ kò pọ̀, nítorí pé ohun tí a bá gbà lónìí kì í di ògbólógbòó lọ́la. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ oní-bíìtì 32 gbọ́dọ̀ kíyè sí i pé Debian 12, tí ó jáde ní 2023, ni ó gbẹ̀yìn nínú àwọn tí a lè fi sórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Debian 13, tí ó jáde ní 2025, kò ní kókó oní-bíìtì 32 mọ́. Emmabuntüs tí a ti mẹ́nu kàn dúró lórí Debian báyìí.

Alpine kéré púpọ̀, ó sì le díẹ̀ fún olùbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni postmarketOS, ètò fóònù kan tí a ó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ níwájú, dúró lé lórí. Fedora ń gbé ẹ̀dà tuntun jáde ní bí oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Arch kò ní ẹ̀dà kan pàtó. Ojoojúmọ́ ni ó ń yí padà. Àwọn méjèèjì dára fún ẹni tí ó fẹ́ ohun tuntun, ṣùgbọ́n àtúnṣe wọn ń jẹ dátà gan-an.

Níbi tí kọ̀ǹpútà bá ti pọ̀, bíi fablab tàbí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ó yẹ kí gbogbo wọn lo ẹ̀yà kan náà. Ètò tí ń jẹ́ apt-cacher-ng, tí ń bá Debian àti Ubuntu ṣiṣẹ́, lè sọ ẹ̀rọ kan di àká: ohun tí ẹnìkan bá ti gbà láti íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ìyókù yóò gbà á lára ẹ̀rọ náà láìtún ná dátà. Ogún kọ̀ǹpútà lè tipa bẹ́ẹ̀ pín owó dátà tí ì bá jẹ́ ti ẹyọ kan.

Yíyan ètò fún fóònù

LineageOS, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní òpin 2016 lẹ́yìn tí CyanogenMod kógbá sílé, ni ó sún mọ́ Android jù. Ó ń fún ọ̀pọ̀ fóònù tí ẹni tí ó ṣe wọ́n ti pa tì ní ẹ̀dà Android tuntun, àwọn áàpù Android sì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Olùbẹ̀rẹ̀ lè fi ẹ̀dà tí a ti kọ́ tán sórí fóònù kí ó tó ronú àtikọ́ tirẹ̀.

postmarketOS bẹ̀rẹ̀ ní 2017 pẹ̀lú èrò pé ó yẹ kí fóònù lè lo ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀yà Linux gidi ni. Kì í ṣe Android. Irinṣẹ́ rẹ̀, pmbootstrap, ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀yà Linux èyíkéyìí, ó sì lè gbé ètò náà sínú fóònù àfarawé lórí kọ̀ǹpútà, tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi lè dánra wò láìní fóònù kankan. Nítorí èyí ni ó fi jẹ́ ẹnu ọ̀nà tí ó dára jù fún ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kéré. Lórí fóònù púpọ̀, kámẹ́rà tàbí ìpè lè má tíì ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tí ó kù fún àwọn olùkópa nìyẹn.

Ubuntu Touch bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ Canonical ní 2013. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà fi í sílẹ̀ ní 2017, ẹgbẹ́ UBports gbà á tọ́jú. Mobian sì ni Debian tí a ṣe fún fóònù.

Ìtò ẹ̀kọ́ náà

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fi Linux sórí kọ̀ǹpútà kan, kí ó sì máa fi àṣẹ tí a ń tẹ̀ ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ títí yóò fi mọ́ ọn lára. Ìkejì ni kí ó kọ́ èdè C, tí a fi kọ púpọ̀ jù lọ nínú kókó, àti git, tí a fi ń tọ́jú kóòdù. Ìkẹta ni kí ó gba kóòdù kókó, kí ó kọ́ ọ, kí ó sì fi tan kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ìkẹrin ni kí ó lo pmbootstrap láti kọ́ postmarketOS sínú fóònù àfarawé. Ìkarùn-ún ni kí ó wá fóònù tí ó wà nínú àkójọ àwọn tí ètò náà mọ̀, kí ó tó fi owó rà á. Ìkẹfà ni kí ó fi àtúnṣe kan, bí ó ti wù kí ó kéré mọ, ránṣẹ́ sí àwọn tí ń tọ́jú ètò náà. Àtúnṣe ìtumọ̀ èdè tàbí ti ìwé ìlànà náà kà.

Iṣẹ́ èdè ṣí sílẹ̀ fún ọmọ Yorùbá ní pàtàkì. Nínú àwọn àtẹ kíbọ́ọ̀dù tí ń bá Linux wá, ti Yorùbá wà lábẹ́ Nàìjíríà, tí a fi lè kọ ẹ, ọ àti ṣ pẹ̀lú àmì wọn. Ẹni tí ó ra kọ̀ǹpútà ní Abidjan yóò sábà bá kíbọ́ọ̀dù Faransé lára rẹ̀. Ó lè fi àtẹ Yorùbá kún un, kí ó sì máa pààrọ̀ wọn bí ó bá ti fẹ́.

Ewu àti ojúṣe

Kí a tó lè fi ètò mìíràn sínú fóònù, a gbọ́dọ̀ ṣí ètò tí ń jí i, èyí tí a ń pè ní bootloader. Àwọn ilé iṣẹ́ kan gbà bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn ti í pa. Ṣíṣí i máa ń pa gbogbo fáìlì inú fóònù rẹ́, àṣìṣe kékeré sì lè sọ fóònù di òkúta. Nítorí náà, a kì í fi fóònù tí a ń fi jẹun dánra wò, a kì í sì í fi ti oníbàárà ṣe é rárá. Ọ̀dọ́ tí ń tún fóònù ṣe gbọ́dọ̀ ya fóònù ìdánwò tirẹ̀ sọ́tọ̀, kí ó sì ṣe ẹ̀dà ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Nọ́ńbà IMEI, tí a fi ń dá fóònù kọ̀ọ̀kan mọ̀, kì í ṣe ohun tí a ń yí padà: nǹkan tí àwọn olè fóònù ń ṣe ni, ó sì lòdì sí òfin ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Pàtàkì rẹ̀

Fóònù tí ẹni tí ó ṣe é kò fún ní àtúnṣe ààbò mọ́ ṣì ń gbé owó kiri nínú áàpù, àṣírí ìdílé sì ṣì wà nínú rẹ̀. Ní àdúgbò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ra àlòkù, irú fóònù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe díẹ̀. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń pààrọ̀ ojú fóònù àti bátìrì lè fi ọdún kan tàbí méjì kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ètò inú rẹ̀ lè mú kí àwọn ọdún náà jẹ́ ọdún tí fóònù ọ̀hún ní ààbò. Ọ̀nà àtimọ̀ ọ́n kò béèrè kọ̀ǹpútà olówó ńlá ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó béèrè ògbólógbòó ẹ̀rọ kan, ẹ̀yà Linux tí ẹ̀rọ náà lè gbé, àti ibi tí àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ kan náà ti lè pàdé, irú èyí tí fablab jẹ́.